Ó Ń Sùn, Màámi

Ọmọ mi, Soliat, ń pè mí láti ìlú ẹnubodè tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ukraine. Bọ́ǹbù ń bọ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Àlàáfíà ni, màámi."

"Gbé fóònù fún Sheriff."

"Ó ń sùn, màámi."

"Ọjọ́ kẹta rèé! Ọkọ rẹ yìí mà lè sùn o. Sọ fún un pé dòdò Ìkirè tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i ti wà lórí iná."

Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìyá mi rán ènìyàn wá wò wá ní Modákẹ́kẹ́. Soliat wà lẹ́yìn mi.

Mo ní bàbá rẹ̀ ń sùn.

A ti sin ín sí ẹ̀yìnkùlé.

"Jẹ́ kó sùn, ọmọ mi," mo sọ fún Soliat lórí fóònù.

Mo pa iná abẹ́ dòdò náà.