Ọkọ̀ Tí Kò Gbéra

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, gbogbo ẹrù wọn ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn aládùúgbò mẹ́jọ ló bá wọn kó o, wọ́n sì ti padà sílé lọ wẹ̀. Ìyàwó bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló so okùn ìkẹyìn.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, tí kẹ́míkà ti bó o níka. Ní báyìí, ọsibítù kan ní ìlú mìíràn ti gbà á ní ọ̀gá àwọn afọṣọ, pẹ̀lú yàrá méjì nínú ọgbà wọn. Wọ́n ti sọ fún un pé bí kò bá wá gba kọ́kọ́rọ́ kí aago mẹ́rin ọjọ́ náà tó lù, àwọn á pe ẹni tó kàn. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni.

Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò dún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí àpótí bátìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Wọ́n ti yọ irin méjèèjì tó di wáyà mọ́ bátìrì," ó ní. "Wọn ò já a o. Wọ́n rọra tú u ni."

Bíríkìlà ń fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ gbo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti máa ń ṣe tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ gbọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo gbọ́. Bóyá ó bọ́ ni."

"Nǹkan tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè."

Obìnrin náà dúró láàárín ìta, ó ń ro ọ̀rọ̀ àná. Àwọn àti àwọn aládùúgbò ló wà lórí bẹ́ńṣì sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà mọ síwájú ilé ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ọdún tí wọ́n dé àdúgbò náà. Bíríkìlà, tí kì í sọ̀rọ̀, ló dìde láti dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé mi dé ọsibítù lọ́jọ́ tí mo já láti orí àkàbà. Ẹ̀yin lẹ ń gbé oúnjẹ wá fún oṣù mẹ́ta." Kò lè parí rẹ̀. Ó jókòó.

Mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà ló dá a lóhùn. "Ta ló ní ẹ ń lọ? Mọ́tò yẹn ò ní gbéra lọ́la. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin aránṣọ ilé kejì ní tòun ni pé òun á rán ìyàwó bíríkìlà mọ́ bẹ́ńṣì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi bíríkìlà tó ń wo ọkọ̀ akẹ́rù tí awakọ̀ ti gbé wá síta de àárọ̀.

Aláwàdà dé báyìí, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ ò tíì lọ?"

"Báwo ni mo ṣe máa lọ, nígbà tó o ti ṣe ohun tó o sọ?"

Obìnrin náà kò pè é ní "ìwọ" rí. Aláwàdà yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó wo àpótí bátìrì.

"Ọ̀rọ̀ irin yìí náà ni? Mo ní òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ jẹ́ n mú un wá."

"Ẹ wò ó, ó ti ní i nílẹ̀. Olè yọ ọ́ tán, ó tún fẹ́ wá ṣe olóore."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ. Ara ń ta ẹ́ pé ẹni tó ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ fẹ́ di ọ̀gá. Má fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn."

"Má fẹnu kan ẹnikẹ́ni," ni ọkọ rẹ̀ sọ.

Aránṣọ jáde, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà léjìká. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣe sùúrù. Aláwàdà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jọ pèrò ẹ̀ ni. Kí ló wà nínú àpò ẹ tó wúwo yẹn?"

"Àpò mi? Èmi tí mo gbẹ̀bí ọmọ ẹ lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ?"

"Tú u ká rí i."

Aránṣọ tú àpò rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì: ṣọ́ọ̀kì, òwú, bọ́tìnnì méjì, àlùmọ́gàjí. Ó kó wọn padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó wọlé, ó sì pa fèrèsé tó kọjú sí bẹ́ńṣì dé. Aláwàdà ti lọ.

Nígbà tí awakọ̀ fi rí irin bátìrì rà níbi tó jìnnà, aago méjì ti kọjá. Obìnrin náà pe ọsibítù, ó bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n pè é pé ẹni tó kàn ti gba kọ́kọ́rọ́.

Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló já ẹrù náà. Ó yẹ kí bíríkìlà ti dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà fún onílé lánàá, ṣùgbọ́n ó ní òun gbàgbé.

"Kí wọ́n máa yọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ sọ. "N ò ní kí ọ̀kankan nínú wọn mọ́ títí mo fi máa kú." Ó wọ yàrá, ó sì kọjú sógiri.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, bíríkìlà jókòó sórí bẹ́ńṣì. Fèrèsé aránṣọ ṣì wà ní pípadé. Aláwàdà ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó gba òdìkejì ọ̀nà, kò sì wo ibẹ̀.

Bíríkìlà dúró títí kò fi gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, kó tó tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, tó sì kó irin méjèèjì, tí gíríìsì ṣì wà lára wọn, sórí ibi tí aránṣọ tú àpò rẹ̀ sí láàárọ̀.