Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Ń Rán Lórí Àpótí

Láràárọ̀, Ìyá Aránṣọ á po tíì fún ọkọ rẹ̀, á bu ṣúgà sí i, á rò ó dáadáa. Ọkọ á mu ún tán láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó á wọ́ àpótí pákó kan sí àárín pálọ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ ti yá o. Ẹ kúrò lórí àga yẹn."

"Jẹ́ kí tíì yìí wálẹ̀ ná."

"Ó máa wálẹ̀ lórí àpótí."

Bàbá Káfíńtà á dìde, á máa ráhùn orúnkún rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kan àpótí náà. Kò ga, kì í mì, ó sì gùn tó ẹni méjì. Wọ́n á jọ gùn ún, wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń lọ, ẹnu náà gbọ́dọ̀ máa lọ: kí wọ́n máa ka bí wọ́n ṣe ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, láti òpin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà ló ní kí wọ́n máa pa iṣẹ́ ara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọpọlọ bẹ́ẹ̀, kí ìgbàgbé má baà tètè borí.

Àkọ́bí wọn obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Ó pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màámi, ẹ bá wa mú Bàbá ṣe é o. Tí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ yìí ò bá dáa, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì dá gbé mọ́. Ilé àwọn arúgbó ló máa já sí."

Ọmọ náà ò wo ojú ìyá rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ya Ìyá lẹ́nu pé ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kí káfíńtà máa rán lẹ́nu, kì í ṣe kó máa kan ilẹ̀kùn. Àmọ́ kò bá wọn jiyàn.

"Bọ́tìnì," Bàbá á bẹ̀rẹ̀. "Etí ìsàlẹ̀. Ọrùn."

"Ọrùn ti ibo wá? Ẹ ti fo apá."

"Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ò lápá ni."

"Ẹ má fi mí ṣeré, Bàbá."

"Ó dáa, ìwọ kà á kí n gbọ́."

Ìyá á kà á, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni tó ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn á ní, "Mi ò gbọ́ ìyẹn dáadáa. Tún un kà." Bó bá sì ti rẹ Ìyá, tó jókòó, òun náà á jókòó. "Bí o ò bá gùn ún, èmi náà ò gùn."

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èéfín gba gbogbo ilé. Bàbá sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, lẹ́búlẹ́bú pákó bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, ó pa gáàsì, ó gbé ìkòkò tó ti jóná dúdú sọ sínú omi.

"Èmi ni," ó wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Mo gbé e kaná, mo gbàgbé."

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá rí àlùmọ́gàjí rẹ̀ nínú fíríjì.

"Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Bóyá ooru ló mú un."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá sẹ́nu Ìyá.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì lójú ọ̀sán, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Bí Ìyá bá ní òun fẹ́ ra òwú ní ìkóríta, á ní, "A jọ ń lọ ni." Ìyá ti gbọ́ pé àìsàn yìí máa ń jẹ́ kí èèyàn fura sí ará ilé rẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á máa wo ọkùnrin tó ti ń fojú lásán wọn ilẹ̀kùn rí. Bí wọ́n bá mú un lọ, ta ló máa bá a tàkúrọ̀sọ níbẹ̀? Ta ló máa mọ̀ pé kì í fi ṣúgà sí tíì?

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, àkọ́bí wọn fi mọ́tò gbé wọn lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Ọmọ náà lọ dúró létí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Ìyá tún kọ́là ọkọ rẹ̀ ṣe.

"Bọ́tìnì, etí ìsàlẹ̀, apá, ọrùn," ó sọ ọ́ sí i létí. "Ẹ má kánjú. Tí ó bá bọ́ lórí yín, ẹ wo ojú mi."

"Mò ń wò ó," Bàbá wí. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú gírígírí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì kan tí Ìyá ò rí rí jáde, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìyá fi èjìká ti ọkọ rẹ̀.

"Ẹ dìde. Ó kàn yín."

Nọ́ọ̀sì náà kọjá lára Bàbá, ó lóṣòó níwájú Ìyá, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sì wí pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé fún àyẹ̀wò yín, Bàbá á dúró dè yín níta níbí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá."