Iná Àyà Nígbà Ọyẹ́

Ojú èmi àti ọmọkùnrin kan ṣe mẹ́rin láàárín èrò tó ń tira lẹ́nu ilé-ooru tí a ti ń yáná. Ọyẹ́ mú, iná kékeré àyà rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Òtútù ti mú kí okùn ike tín-ín-rín inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ bátìrì tó ń mú ọkàn rẹ̀ lù, irú èyí tó wà láyà gbogbo wa, gan. Bí àwọn okùn náà ò bá mira, iná mànàmáná ò ní rọ́nà kọjá.

“Ẹ gbá mi mọ́ra, àǹtí!”

“Ṣé o mọ̀ mí rí ni?”

“Tí mo bá yè é, a ó mọra wa.”

Mo dì mọ́ ọn tẹ̀rùtẹ̀rù. Ooru ara mi wọ̀ ọ́ lára: iná àyà tirẹ̀ mọ́lẹ̀, tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìlẹ̀kùn ò tíì ṣí.

“Ìyá mi ni kí o fún,” mo ní, mo sì fi lẹ́tà ìdágbére tí gbogbo wa ń gbé kiri lásìkò ọyẹ́ lé e lọ́wọ́.