Ìyàwó Tó Pé Ọdún Mẹ́jọ

Ní ìlú yìí, ìyàwó kì í kú kí ó tó pé ọdún méje nílé ọkọ.

Àwọn ìyá ọkọ ibẹ̀ mọ òfin ju lọ́yà lọ. Bí ìyàwó bá kú láìtíì pé ọdún méje, dandan ni lábẹ́ òfin kí dókítà la inú òkú wò, ẹbí ì báà fẹ́, ì báà kọ̀.

Trivedi, adájọ́ tí ìjọba rán wá wádìí ikú, dúró ti òkú Rukmini. Igi tí wọ́n fẹ́ fi sun ún, gẹ́gẹ́ bí àṣà òkú wọn, ti wà nílẹ̀.

"Ọdún mélòó ló lò lọ́dọ̀ yín, Ìyá?"

"Mẹ́jọ, ọ̀gá." Bhagwanti, ìyá ọkọ òkú, ń nu ojú tí kò tutù. "Àyà ló dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kan ọmọ mi."

Bàbá Rukmini pàápàá ní àwọn ti gba kámú.

Aláàánú ni Bhagwanti. Ó ti bọ́ ẹ̀gbà wúrà lọ́wọ́ òkú, ó sì ti fi wọ Sugandha, àbúrò olóògbé, kó lè fi pẹ̀tù sí i lọ́kàn.

Trivedi ń múra àtilọ.

"Ọdún mẹ́fà ni, ọ̀gá," ni Sugandha wí. "Èmi ni mo gbé òdòdó tẹ̀lé e lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n là á."

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

Bhagwanti rọra rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi inú òkú ṣe, ọmọ mi?"

Sugandha na ọwọ́ méjèèjì sí adájọ́. Ẹ̀gbà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí rọ́pò rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ọ̀gá. Mo fẹ́ mọ ohun tó máa pa mí."