Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Nídìí Wáyà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá gbọ́.

Ìyá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti wú nínú ọpọlọ rẹ̀ bíi kóró ẹ̀wà. Bó bá bẹ́, ìyá lọ nìyẹn.

Wọn ò ní la orí. Dókítà máa ki wáyà tín-ín-rín bọ itan rẹ̀, á tì í gòkè lọ dí ibi tó wú, á máa wo ọ̀nà nínú ẹ̀rọ àwòrán.

Àmọ́ ọwọ́ dókítà ń gbọ̀n.

"Dókítà, ṣé ijó lọwọ́ yín ń jó ni?"

"Màmá, mi ò ní purọ́. Ti obìnrin tí mo ṣe kẹ́yìn bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹlòmíì."

"Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin náà ni mo fẹ́."

Wáyà ń gòkè. Ìyá ò gbọdọ̀ mira, ó ń kọrin nínú ọkàn: rọra o, rọra o, ọ̀nà jìn.

Ó débẹ̀. Kò bẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ti jẹun yó, ó ń di ẹrù àtilọ sílé.

"Màmá, ta ló sọ ti obìnrin yẹn fún yín?"

"Àbúrò mi lobìnrin yẹn. Àìsàn ìdílé wa ni. Ìwọ ò rí mi lọ́jọ́ náà, o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀, ò ń sunkún. Èmi ni mo ní kí ọ̀gá rẹ má sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, kọ́wọ́ rẹ má baà gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yá, ọmọ mi, ìwọ náà lọ jẹun."