Áyọ́ọ̀nù Ọjọ́ Sátidé Nílé Ìyá Níyì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná, bá wà nílé yín, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán pátápátá.

1.
Opó ni Magdalene, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Níyì ní Odigbo. Olúwaníyì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ epo lórí omi lọ́nà Pọtakọ́ọ̀tù, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Fóònù nìkan ló so wọ́n pọ̀. Nítorí kí fóònù yìí má baà kú ni Níyì ṣe ra ìnfátà kékeré fún un.

Rufus, oníná tó wá so ó, kìlọ̀ dáadáa. "Ìyá, gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ti èyí o. Ohunkóhun tó bá ń gbóná, áyọ́ọ̀nù ni o, kẹ́tùlù ni o, ẹ má fi sí i. Fìríìjì pàápàá, bó bá ń gbéra, iná tó ń fà ti pọ̀ jù fún un."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Ẹ̀yin náà gbọ́, àbí?

2.
Lọ́jọ́ Sátidé kan, Moyọ̀sọ́lá, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ aládùúrà, gbé sùtánà rẹ̀ dé. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, kò síná níbì kankan. Ẹ jẹ́ kí n lọ ẹyọ kan yìí."

Ta ló máa ní kí ẹlòmíràn wọ sùtánà tó rún lọ sílé Ọlọ́run? Ìnfátà ké fíì-fíì, àmọ́ ó gbé e. Nígbà tí Sátidé mìíràn fi máa pé, sùtánà ti kún orí àga. Àwọn obìnrin ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nínú ilé tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí bàbá Níyì ti kú.

Ẹ má tíì bú Ìyá Níyì. Ìdáwà burú jọjọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá lé áyọ́ọ̀nù, àwọn tó ni ín á bá a lọ. Òun fúnra rẹ̀ tún wá fi kẹ́tùlù sí i, kó lè po tíì fún wọn.

Kẹ́tùlù ò tíì hó tí òórùn jíjó fi gba pálọ̀. Ìnfátà kú.

"Áà! Ọlọ́run á pèsè òmíràn, Ìyá." Wọ́n ká sùtánà wọn, wọ́n lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n yà sí.

3.
Fóònù náà kú. Ojú ń ti Ìyá Níyì láti jẹ́wọ́ fọ́mọ, ló bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan láti gba iná sí i, ohùn Níyì ló bá lórí Wasáàpù, ti ọjọ́ tó ṣáájú.

"Ìyá mi, mo wà ní Ore! Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wa dúró ká jẹun. Ẹ gun ọ̀kadà wá, kí n rójú yín."

Lẹ́yìn náà: "Ìyá mi, mo pè, mo pè. Wọ́n ti ní ká wọkọ̀. Mo ti ra búrẹ́dì fún yín o."

Ọ̀kadà kì í pẹ́ láti Odigbo dé Ore. Ó mọ̀ pé ọmọ ti lọ, síbẹ̀ ó gun ọ̀kadà. Ó dúró níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń yà jẹun, ó ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sunkún.

Ìkìlọ̀ rèé o. Ẹ bi ẹni tó so ìnfátà yín léèrè ohun tó lè gbé, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀, bó ti wù kí àlejò dùn tó. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á bá yín jókòó nínú òkùnkùn. Kí ẹ sì tó fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ pe ìyá yín.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.