Akínjídé Tí Ojú Ń Tì Láti Bá Àwọn Ọmọ Ọdún Kìíní Jókòó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kánjú o. Ẹ ka èyí tán pátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó lè gba ọmọ kan là.

1.
Akínjídé, ọmọ Abigail tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Kọ̀ǹpútà tó kú fin-ín, bó bá ti fọwọ́ kàn án, ó jí nìyẹn! Àwọn ọmọ ọdún kìíní ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní "Ọ̀gá." Ilé-iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ tilẹ̀ ti ní àwọn ń retí rẹ̀, kó ṣáà ti gbàwé jáde.

Àṣé ìṣirò ọdún kìíní tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kariófà, tó gbọ́dọ̀ tún ṣe kó tó gbàwé jáde.

2.
Toyyibah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, kìlọ̀ fún un.

"Jídé, lọ bá àwọn ọmọ ọdún kìíní jókòó, kóo ṣe ìṣirò yẹn."

"Èmi? Kí àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ wá máa wo ìwé mi?"

"Ó sàn kójú tì ẹ́ lọ́dọ̀ wọn ju kó tì ẹ́ lọ́dọ̀ ìyá ẹ lọ."

"Gbẹ́nu dúró, ìyá oníwàásù! Ìṣirò kékeré yẹn? Màá ṣe é lọ́dún ìkẹyìn."

Ọdún ń gorí ọdún, kò lọ.

3.
Ọdún ìkẹyìn, ìyẹn ọdún karùn-ún, dé. Áà! Wákàtí kan náà ni ìdánwò ìṣirò yẹn àti ti ọdún karùn-ún bọ́ sí. Ènìyàn kan kò lè wà ní yàrá méjì. Ó jẹ́ kí ìṣirò lọ.

Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú olórí ẹ̀ka wọn.

"Ẹ ṣàánú mi, sà! Ìṣirò kan péré ló kù!"

"Ọmọ mi, láìsí i, kò sí dìgírì. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ilé-iṣẹ́ Àkúrẹ́ kò dúró dè é, wọ́n ti gba ẹlòmíràn.

4.
Ó gun ọ̀kadà wálé. Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ló bá fò dìde.

"Ẹnjiníà mi dé! Mo ti sọ fún pásítọ̀, ọjọ́ Àìkú la ó dúpẹ́!"

"Màmá... mi ò parí o."

"Kí ni o ò parí? Kí ló le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mi ò lè ṣe?"

Kò lè sọ fún un pé ìṣirò náà kò le rárá, ojú ló tì í.

Ẹ̀yin ọmọ tí kariófà wà lọ́rùn yín, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ ṣe é lónìí. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pànìyàn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.